Ìdí tí Ètò Tẹlifíṣọ̀n Kò Fi Rí Bákan Náà ní Ìlú Gbogbo

Bí ọmọ Ìlárá Rẹ́mọ kan bá san owó láti kéde ìsìnkú baba rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n ní Abẹ́òkúta, kí ó má ṣe rò pé dandan ni kí àwọn ẹbí tí ń bẹ ní Kàdúná rí i.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn, èkíní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Enúgu ní ọdún 1960, ti Àríwá sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1962. Olúkúlùkù ni ó ń ṣètò wákàtí tirẹ̀.

Ní ọdún 1977 ni òfin ìjọba àpapọ̀ kó wọn sábẹ́ NTA. Gbogbo ibùdó NTA a máa gbé ìròyìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́ jáde pọ̀. Ṣùgbọ́n ibùdó kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀ fún èdè, eré àti ìpolówó àdúgbò rẹ̀. OGTV, ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, ń ṣe ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ san owó ìkéde kọ́kọ́ bèèrè ohun mẹ́ta. Ibo ni àwòrán ibùdó náà ń dé? Ṣé ibùdó kan ṣoṣo ni yóò gbé e jáde, tàbí gbogbo wọn? Ní agogo tí a yàn, ǹjẹ́ àwọn ẹbí yóò ti ti oko àti ọjà dé? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.