Bàálù àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn

Ìbéèrè: Mo rí fọ́tò bàálù WACO. Wọ́n ní tuntun ni, pé ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là. Kí ló dé tó fi wọ́n tó báyìí?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ọwọ́ ló gbówó lórí. Ní Battle Creek, ìpínlẹ̀ Michigan l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń kàn án, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ṣáájú ogun Hitler. Páìpù irin ni wọ́n jó pọ̀ ṣe ara rẹ̀, igi ni egungun ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aṣọ ni wọ́n nà bò ó, wọ́n á kùn ún lọ́dà léraléra títí yóò fi le bí awọ ìlù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jáde lọ́dún, orí wọn sì ni gbogbo ìnáwó ilé iṣẹ́ ń já lé.

Síbẹ̀, ó wu èèyàn. Awakọ̀ jókòó sẹ́yìn, èrò méjì wà níwájú, kò sí òrùlé. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn lójú.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó dínwó, Piper Cub àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe dáadáa ni kí ẹ wá. Òun ni èmi ìbá rà. Àmọ́ kí mẹkáníìkì tó mọ bàálù aláṣọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.