Ariwo Báńgà Ọdún: Bí A Ṣe Lè Ran Ajá Kékeré Tí Ẹ̀rù Ń Bà Lọ́wọ́

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń lọ sí òpin, ariwo báńgà àti nọ́káòtù kì í jẹ́ kí etí sinmi ní àdúgbò Brigade àti ní agbègbè Sabon Gari, ní ìlú Kánò. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń kìlọ̀ kí ará ìlú má ṣe yìn ín, síbẹ̀ àwọn ọmọdé ṣì ń rí i rà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ariwo náà ń dùn mọ́ nínú. Bọ́ǹbù dún ní ibùdókọ̀ New Road ní Sabon Gari ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 2013. Òmíràn tún dún ní òpópónà Gold Coast ní ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ọdún 2014. Kò yani lẹ́nu bí àyà ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà bá ń já tí báńgà bá dún lójijì. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn pé ọmọdé ló ń ṣeré. Ajá kò lè béèrè. Nítorí náà ni ó fi ń sá, tí ọkọ̀ fi lè gbá a, tàbí kí ó bu ẹni tí ó fẹ́ dì í mú jẹ.

Kí ló dé tí ariwo yìí fi ń dẹ́rù ba ajá?

Ìró tí ó ga jù lọ tí etí ènìyàn lè gbọ́ ni èyí tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ajá lè gbọ́ èyí tí ó tó nǹkan bí 45,000. Ó tún lè gbọ́ ọ̀pọ̀ ìró tí kò dún sókè tó fún etí wa láti gbọ́. Báńgà kò sì ní àmì tí ó ṣáájú rẹ̀: ajá kò mọ ìgbà tí yóò dún, kò sì mọ ibi tí yóò ti dún.

Àwọn àmì ìbẹ̀rù náà hàn kedere. Ajá á máa gbọ̀n, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á ki ìrù bọ àárín ẹsẹ̀, á sá sábẹ́ ibùsùn, á kọ oúnjẹ, tàbí kí ó tọ̀ sínú ilé. Èyí kì í ṣe oríkunkun. Ara rẹ̀ ló ti múra láti sá àsálà. Ní ti ajá kékeré, ewu mìíràn ni pé ó lè gba abẹ́ géètì tàbí ihò tóóró jáde kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ohun tí ẹ óò ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú

Ẹ mú ajá jáde nígbà tí ojúmọ́ ṣì wà, kí ó lè tọ̀, kí ó sì yàgbẹ́. Ẹ fún un ní oúnjẹ ní kùtùkùtù ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì gbé omi sí àrọ́wọ́tó rẹ̀. Ẹ dí gbogbo ihò tí ó wà lábẹ́ géètì. Ẹ fi bẹ́líìtì sí i lọ́rùn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i.

Ẹ yan yàrá tí ó jìnnà sí ojú títì. Ẹ ti fèrèsé, kí ẹ sì ta aṣọ tí ó nípọn bò ó. Ẹ dọ̀bálẹ̀ páálí ńlá kan, kí ẹ da ìró àtijọ́ bò ó, kí ó dà bí ihò fún ajá láti wọ̀. Rédíò oníbátìrì tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yóò bo díẹ̀ nínú ariwo òde, bí iná ọba bá tilẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi ṣéènì so ó mọ́lẹ̀, nítorí ajá tí ó ń já pìtìpìtì lè fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa.

Nígbà tí ariwo bá bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajá tí ẹ̀rù ti gbé lọ kì í gbọ́ àṣẹ. Ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì nà án. Bí ó bá sún mọ́ yín, ẹ fọwọ́ pa á lára. Ìtùnú kì í sọ ẹ̀rù rẹ̀ di púpọ̀. Bí ó bá fẹ́ fara pamọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ó bá ṣì lè jẹun, ẹ fún un ní ègé ẹran tàbí ẹja kékeré ní kété tí báńgà kọ̀ọ̀kan bá ti dún. Nínú ìwádìí tí Stefanie Riemer ti Yunifásítì Bern, ní Switzerland, gbé jáde ní ọdún 2020, ó lé ní 70 nínú 100 àwọn olówó ajá tí wọ́n lo ọ̀nà yìí tí wọ́n sọ pé ó ṣiṣẹ́.

Ìmúrasílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn

Oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú ọdún ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ gba ohùn báńgà sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ gbé e sí i kí ó rọlẹ̀ gan-an, débi pé etí nìkan ni ajá yóò nà, kí ẹ sì fún un ní ohun tí ó fẹ́ràn. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ máa gbé ohùn náà sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ oògùn

Ẹ má ṣe fún ajá ní oògùn oorun ti ènìyàn, parasitámọ̀ tàbí ogógóró. Wọ́n lè pa á, pàápàá èyí tí ara rẹ̀ kéré. Oògùn kan tí ń jẹ́ acepromazine lè mú kí ara ajá dákẹ́ nígbà tí ẹ̀rù ṣì wà nínú rẹ̀. Dókítà ẹranko nìkan ni ó yẹ kí ó yan oògùn, kí ó sì wọ̀n ọ́n. Ilé-ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ajá rẹ̀ bá le.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ

Àrùn dìgbòlugi ṣì wà ní Nàìjíríà. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń yọrí sí. Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má ṣe fi epo tàbí ata sí i. Ẹ máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ajá yín lọ́dọọdún. Bí ariwo bá ti dá, tí ajá ṣì ń da itọ́, tí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tàbí tí ó ń bu nǹkan jẹ káàkiri, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì pe dókítà.

Ní ilẹ̀ Britain, òfin ọdún 2004 sọ pé ohùn irú iná ọdún bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 120 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ó sì ka yíyìn ín léèwọ̀ láti aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, àyàfi ní àwọn alẹ́ àjọ̀dún díẹ̀. Ní agboolé tiwa, òfin àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn òbí: kí bàbá àti ìyá kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kò gbọdọ̀ ju báńgà sí ajá, ìbáà jẹ́ ajá ilé tàbí ti aládùúgbò.