Àbúrò Mi, Ta Ni Yóò Ra Orúkọ Yẹn?

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo rí i pé ó ń wù ọ́ láti máa ra orúkọ ìkànnì ayélujára, ohun tí wọ́n ń pè ní dòméènì, kí o sì máa tún un tà fún èrè. Òwò gidi ni. Lọ́dún 2019, ilé-iṣẹ́ MicroStrategy ta voice.com fún Block.one ní 30 mílíọ̀nù dọ́là. Ṣùgbọ́n má fi irú iye yẹn ṣírò owó tìrẹ o, ó ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ọ̀pọ̀ dòméènì táwọn èèyàn rà sílẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò béèrè títí owó ọdún mìíràn fi pé.

Orúkọ kì í níye lórí torí pé ó dùn létí ìwọ tó ni ín. Ẹni tó nílò rẹ̀ ló ń sọ iye rẹ̀. Wo tesla.com. Ọkùnrin kan ti ní i láti ọdún 1992, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Tesla kò tíì sí láyé rárá. Teslamotors.com ni ilé-iṣẹ́ náà ń lò títí di 2016 tí wọ́n fi rí i rà, Elon Musk, ọ̀gá wọn, sì sọ pé mílíọ̀nù 11 dọ́là ló ná àwọn. Fb.com ńkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, American Farm Bureau Federation, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ìkékúrú orúkọ tiwọn ni, wọn ò jí ti ẹnikẹ́ni. Facebook san 8.5 mílíọ̀nù dọ́là fún wọn lọ́dún 2010.

Nítorí náà, kí o tó náwó, mú bírò, kí o kọ orúkọ àwọn oníṣòwò tó lè fẹ́ dòméènì yẹn, tí wọ́n sì lówó tí wọ́n á fi rà á. Bí o kò bá rí ẹnikẹ́ni kọ, fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, pe orúkọ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ lórí fóònù. Bó bá ní kí o pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí òun tó lè kọ ọ́, iye rẹ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn. Wo ìkànnì NameBio pẹ̀lú, kí o rí iye tí wọ́n ti ta irú rẹ̀ rí. Iye tí ẹ̀rọ àwọn tó ń ta dòméènì bá dá lé e, má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ .ng tàbí .com.ng lo mú, ronú nípa oníbàárà tó wà ní Nàìjíríà níbí, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà.

Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíì. Láti ọdún 1999 ni ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ dòméènì, ti fi òfin UDRP lélẹ̀ láti máa yanjú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ni orúkọ bá fẹ̀sùn kàn ọ́, tó sì hàn pé o kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, pé ńṣe lo mọ̀ọ́mọ̀ rà á láti fi jẹ lára orúkọ rẹ̀, wọn á gbà á lọ́wọ́ rẹ láìsan kọ́bọ̀ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn gbájúẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ẹnì kan á kọ̀wé sí ọ pé òun fẹ́ ra dòméènì rẹ lówó gọbọi, á ní kí o kọ́kọ́ sanwó ìwé-ẹ̀rí tó ń fi iye rẹ̀ hàn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tóun fọkàn tán. Tí o bá ti sanwó yẹn tán, o ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Olùrà gidi kì í ní kí ẹni tó ń tajà sanwó. Lo Escrow.com: olùrà á kọ́kọ́ fi owó síbẹ̀, ìwọ á wá gbé dòméènì fún un, ó sì dìgbà tó bá jẹ́rìí sí i pé ó ti dé ọwọ́ òun kí wọ́n tó sanwó fún ọ. Kóòdù tí wọ́n fi ń gbé e kúrò, má fi han ẹnikẹ́ni kí owó tó wọlé síbẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan tàbí méjì tí o lè máa san owó ọdún rẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o kọ́kọ́ sanwó, jọ̀wọ́, pè mí kí o tó fèsì.