Oúnjẹ Àgbàdo Kì í Dá Rìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ẹ fún mi ní etí yín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ abọ́ tí ẹ ń gbé síwájú ọmọ láàárọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nígbà tí mo lọ bá ọmọ mi obìnrin gbé n'Íbàdàn, mo rí i pé láràárọ̀ ló ń da cornflakes sínú abọ́ fún àwọn ọmọ. Á bu omi sí i, á wọ́n mílíìkì díẹ̀ lé e lórí, á sì bu ṣúgà ṣíbí mẹ́ta sí i. Ó parí, ó di iléèwé. Mo ní oúnjẹ yẹn ò tó. Ó gbé páálí rẹ̀ wá, ó ní, "Màámi, ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé fítámì àti áyọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀." Mi ò bá a jiyàn. Mo yí páálí náà padà, mo ní kó ka ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi létí.

Ohun tó kà nìyí: 30 gíráàmù ni ilé-iṣẹ́ kà sí abọ́ kan. Nǹkan bí 110 kálórì ló wà níbẹ̀, nǹkan bí 25 gíráàmù rẹ̀ sì jẹ́ sítáàṣì àti ṣúgà. Purotéènì, èyí tó ń mọ ẹran ara ọmọ, jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 2 péré. Bẹ́ẹ̀ ẹyin kan ṣoṣo ní nǹkan bí 6, ife mílíìkì gidi kan sì ní nǹkan bí 8. Ọmọ mi dákẹ́.

Ibo wá ni fítámì inú rẹ̀ ti wá? Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, John Harvey Kellogg àti Will Keith Kellogg, ló bẹ̀rẹ̀ irú oúnjẹ yìí ní Battle Creek, ní ìpínlẹ̀ Michigan, l'Amẹ́ríkà. Àlìkámà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é ní 1894. Ní 1906, Will dá ilé-iṣẹ́ tó ń fi àgbàdo ṣe é sílẹ̀. Títí dòní, wọ́n á bó èèpo àgbàdo, wọ́n á yọ ọlẹ̀ inú rẹ̀ níbi tó ti ń hù, wọ́n á se ìyókù pẹ̀lú ṣúgà àti iyọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì yan án. Inú èèpo àti ọlẹ̀ tí wọ́n yọ yẹn gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú fítámì, áyọ́ọ̀nù àti fáíbà àgbàdo wà. Iná tí wọ́n fi yan án sì ń pa nínú fítámì tó ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀pọ̀ fítámì sára rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí iná. Ní ti áyọ́ọ̀nù, ẹ lọ irú èyí tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù sí kúnná, ẹ pò ó mọ́ omi, kí ẹ fi òòfà alágbára rò ó. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú dúdú tó lẹ̀ mọ́ òòfà náà. Irin gidi ni, wọ́n lọ̀ ọ́ fún jíjẹ, kò sì léwu.

Mi ò sọ èyí kí ẹ lè sá fún un. Oore ni ohun tí wọ́n dá padà yẹn fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Láti 2002 ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá ti ní kí wọ́n máa fi fítámì A sínú ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n yọ ni wọ́n ń dá padà. Wọn kò dá fáíbà padà tó, wọn kò sì fi purotéènì kún un.

Ẹ má sì fi ògì wa yangàn. A ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, a ń lọ̀ ọ́, a ń sẹ́ ẹ, a sì ń da èérí rẹ̀ fún ewúrẹ́. Oore tí ilé-iṣẹ́ ń yọ ni àwa náà ń sẹ́ dànù, àwa kì í sì í fọ́n fítámì kankan padà. Ní 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, kọ̀wé láti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, nípa àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, tó jẹ́ oúnjẹ àgbàdo nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n. Àìsàn náà ni a mọ̀ sí kwashiorkor. Ikùn àwọn ọmọ yẹn kò ṣófo o. Yíyó ọ̀tọ̀, oúnjẹ tó ń ṣara lóore ọ̀tọ̀.

Àkàrà ni àwọn ìyá wa fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbàdo kò ní lysine tó, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó parapọ̀ di purotéènì. Ẹ̀wà ní i lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ ń fẹ́ àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ kì í dá rìn. Cornflakes, ọmọ ìyá rẹ̀, kò gbọdọ̀ dá rìn.

Nítorí náà, ẹ máa ka ẹ̀yìn páálí kí ẹ tó sanwó. Ẹ wá ìlà ṣúgà. Nínú àwọn tó dùn gan-an, ṣúgà máa ń lé ní 30 gíráàmù nínú 100. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ó sàn kí àfikún ṣúgà àgbàlagbà má ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, ti ọmọdé gbọ́dọ̀ kéré sí i. Ṣíbí ìrotíì mẹ́ta ti tó 12. Ẹ yọwọ́ ṣúgà kúrò nínú abọ́ ọmọ. Ẹ da mílíìkì tó pọ̀ sí i, ẹ fi ẹyin sísè, àkàrà tàbí ẹ̀pà tì í. Ẹ bó ọsàn kan fún un, nítorí ọsàn ń jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù. Tíì kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn oúnjẹ dáadáa kí ẹ tó mu ún.

Ẹ̀yin ìyàwó tó ń retí ọmọ, folic acid, ìyẹn fítámì kan, tó wà nínú cornflakes kò lè rọ́pò oògùn rẹ̀. 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ ni kí ẹ máa lò, kí oyún tó dúró títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12, nítorí kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ̀ pé òun lóyún ni ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń di odidi.

Àkàrà méjì ló ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi báyìí. Ẹ̀yin náà, láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó gbé abọ́ síwájú ọmọ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó bá àgbàdo náà rìn.