Ọ̀kẹ́ Kan: Kí Ló Wà Nínú 20,000?

Iṣẹ́: Ìṣirò
Kíláàsì: JSS 2
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40

Èròńgbà
Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
1. tú 20,000 palẹ̀;
2. ka iye nọ́ńbà tó pín in láìṣẹ́kù;
3. sọ ìdí tí ènìyàn mẹ́ta kò fi lè pín in dọ́gba.

Ohun èlò
Owó ẹyọ 40 tó ti ní ihò, okùn, pátákó.

Ìfáàrà
Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń ná owó ẹyọ, ẹyọ 40 ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá kún àpò kan. Àpò yìí ni ọ̀kẹ́, òun náà ló wá di orúkọ 20,000. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sín ẹyọ 40 lójú gbogbo kíláàsì. Kí olùkọ́ wá bèèrè pé: irú okùn yìí mélòó ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan? (500)

Ìgbésẹ̀ 1: Títú ọ̀kẹ́ palẹ̀
20,000 = 40 × 50 × 10
40 = 2 × 2 × 2 × 5
50 = 2 × 5 × 5
10 = 2 × 5
Ẹ kà wọ́n: 2 jẹ́ márùn-ún, 5 jẹ́ mẹ́rin. Kò sí òmíràn níbẹ̀.
20,000 = 2⁵ × 5⁴ = 32 × 625

Ìgbésẹ̀ 2: Àwọn tó pín in láìṣẹ́kù
A lè má mú 2 kankan rárá, a sì lè mú un títí dé márùn-ún: ọ̀nà 6 nìyẹn. A lè mú 5 bákan náà títí dé mẹ́rin: ọ̀nà 5. 6 × 5 = 30. Nọ́ńbà 30 ló pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù.
Ẹni 16 pín in: 1,250 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni 32 pín in: 625. Ṣùgbọ́n tí ẹni mẹ́ta bá pín in, 6,666 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ 2 á ṣẹ́kù, nítorí kò sí 3 nínú ọ̀kẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ọ̀kẹ́ àti igba
Kò sí nọ́ńbà odidi tí a lè fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó di 20,000, nítorí 2 márùn-ún kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Fi 2 kan kún un, ó di ọ̀kẹ́ méjì: 40,000 = 200 × 200, igba lọ́nà igba.
Ṣùgbọ́n nọ́ńbà méjì tí a sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lè para pọ̀ di ọ̀kẹ́. Ẹ wo èyí:
100 × 100 + 100 × 100 = 20,000
140 × 140 + 20 × 20 = 20,000
124 × 124 + 68 × 68 = 20,000

Ìgbéléwọ̀n
1. Ǹjẹ́ 64 pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù? Kí nìdí?
2. Ọ̀kẹ́ mélòó ni ẹni mẹ́ta lè pín dọ́gba?

Iṣẹ́ àmúrelé
Kọ gbogbo owó bébà náírà sílẹ̀, láti ₦5 dé ₦1,000. Èwo ni kò lè pé ₦20,000 géérégé bí a bá lo irú rẹ̀ nìkan?

Fún olùkọ́: Kò sí ìkankan. 2 àti 5 nìkan ló wà nínú gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ọ̀kẹ́, iye 2 àti 5 inú wọn kò sì ju ti inú ọ̀kẹ́ lọ.