Lẹ́tà Láti Inú Ilé Ìdáná

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí; bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Orí òwe yìí ni àrokò, ìyẹn nǹkan tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ láyé àtijọ́, dúró lé. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ fún ẹni tó gbà á pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí i, torí “fà” wà nínú ẹẹ́fà. Mẹ́jọ ń sọ pé àwọn méjèèjì jọ wà. Òòyà ń kéde ìyapa. Nínú àrokò, ohun èlò ilé ti ń ṣojú fún ìró. Ìgbésẹ̀ kan ló kù kó di lẹ́tà.

Ìgbésẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ohun èlò ilé dán lẹ́tà tuntun wò máa ń fò. Wọ́n á mú igbá roboto fún O, wọ́n á mú àkàbà fún H, wọ́n á ní àwọn ti ṣe é. Wọn ò ṣe lẹ́tà kankan. Aṣọ ni wọ́n rán fún ti tẹ́lẹ̀. Ó sì dunni, torí ohun tó wà nítòsí ènìyàn ni wọ́n fi ṣe ti tẹ́lẹ̀ ọ̀hún. Àwòrán ilé ló di B, àtẹ́lẹwọ́ ló di K, ojú ló di O, lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ èdè Sẹ̀mítíìkì ní Íjíbítì àti Kénáánì, ó ti lé ní 3,500 ọdún. Ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ nǹkan ni wọ́n fi àwòrán rẹ̀ kọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe é kò lè bá Yorùbá mu tààrà. Fáwẹ̀lì ló ń bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀-orúkọ wa: igbá, ìkòkò, ìgbálẹ̀ àti ìrọ̀rí, i ni gbogbo wọn á dà. Kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ inú orúkọ ló yẹ kí a mú. Ẹni tó bá wo inú ilé kan ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà á rí nǹkan fún kọ́ńsónáǹtì Yorùbá méjèèjìdínlógún: abẹ́bẹ̀ fún b, odó fún d, fìtílà fún f, àga fún g, igbá fún gb, ahá fún h, ajere fún j, ìkòkò fún k, ọlọ fún l, amù fún m, ẹní fún n, àpótí fún p, ìrọ̀rí fún r, ìsáàsùn fún s, aṣọ fún ṣ, àtùpà fún t, àwo fún w, òòyà fún y. Ọmọrógùn kò yẹ. Ilé tí wọ́n ti ń pè é ní orógùn á ka r níbi tí ilé kejì ti ka m.

Fún fáwẹ̀lì, ohun jíjẹ tó: àgbàdo fún a, erèé fún e, ẹ̀pà fún ẹ, ilá fún i, obì fún o, ọsàn fún ọ. U nìkan ló ṣòro, torí kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò tó fi u bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkìtì ń pe ilé ní ulé. Kí wọ́n fi owó ẹyọ dí àyè rẹ̀.

Ohùn ni kò gbọdọ̀ sọnù. Igba, igbá, ìgbà àti ìgbá kò lè jẹ́ ọ̀kan náà láé. Kí a gbé fáwẹ̀lì sókè kọ́ńsónáǹtì fún ohùn òkè, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ohùn àárín, sí ìsàlẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀. Láti kọ “ilé”, ilá á dúró ní àárín ìlà, ọlọ á tẹ̀ lé e, erèé á wà lókè ọlọ.

Ọba Njoya ti Foumban ní Kamẹrúùnù ti la irú ọ̀nà yìí kọjá. Ní nǹkan bí 1896, ó ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ya àwòrán nǹkan wá fún òun. Àmì bí 500 ló fi bẹ̀rẹ̀; nígbà tó di 1910, ó ti dín wọn kù sí 80, tó ń ṣojú fún ìró.

Òwe ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kò bá lẹ́tà mu rárá. Ẹni tó mọ olùránṣẹ́ ni àrokò ń bá sọ̀rọ̀. Àjèjì tí kò sí níbẹ̀ ni ìwé ń bá sọ ọ́, odindi ló sì gbọ́dọ̀ bá a. Kí olùkọ́ tó bá gbé iṣẹ́ yìí fún kíláàsì ní Tápà tàbí Lánlátẹ̀ fi ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí kíláàsì mìíràn, pẹ̀lú àlàyé àwọn àmì náà nìkan. Bí wọn ò bá lè kà á, kó má bá òǹkàwé wí. Kó dá iṣẹ́ náà padà fún àwọn tó ṣe é.