Yáàdì àti Ọwọ́ nínú Wíwọn Ẹṣin

Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò dọ́gba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ìbú ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn gíga ẹṣin. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹni tí ń tà bá kéré, tí ti ẹni tí ń rà sì tóbi, iye tí àwọn méjèèjì yóò kà kò lè bá ara mu. Nítorí èyí ni a ṣe fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé íǹṣì 4 ni ọwọ́ 1, ìbáà ṣe òmìrán ni ó ń wọ̀n tàbí aràrá. Títí di òní ni a ń fi í wọn ẹṣin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà.

Íǹṣì 36 ni yáàdì 1, gẹ́gẹ́ bí àwọn aránṣọ ti mọ̀. Bí a bá fi 4 pín 36, a ó rí 9. Nítorí náà, ọwọ́ 9 ni ó wà nínú yáàdì 1.

Láti sọ yáàdì di ọwọ́: kí a sọ gbogbo rẹ̀ di íǹṣì, kí a sì fi 4 pín in. Yáàdì 1 àti ààbọ̀ jẹ́ íǹṣì 54. Èyí jẹ́ ọwọ́ 13, ó sì ṣẹ́ku íǹṣì 2. A ó kọ ọ́ báyìí: 13.2.

Láti sọ ọwọ́ di yáàdì: ẹṣin tí a kọ 14.2 sí ga ní ọwọ́ 14 àti íǹṣì 2. Ìlọ́po 4 ti 14 ni 56. Fi 2 kún un, ó di íǹṣì 58. Yọ 36 kúrò, ó ku 22. Gíga rẹ̀ jẹ́ yáàdì 1 àti íǹṣì 22.

Kíyè sára níhìn-ín! Iye íǹṣì ni ó tẹ̀lé àmì tó-tò-tó náà, kì í ṣe ìdá mẹ́wàá. Ọwọ́ 14 àti ààbọ̀ ni 14.2. Lẹ́yìn 14.3, 15 ni ó kàn. Kò sí 14.4. Ẹni tí ó bá ṣi 15.3 kà bí ìdá mẹ́wàá yóò rí íǹṣì 61 àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni íǹṣì 63 ni ẹṣin náà ga. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè náni lówó.

Nígbà wíwọ̀n, kí ẹṣin dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Kí a má ṣe wọ̀n ọ́n dé orí, nítorí orí a máa ròkè, a sì máa sọ̀kalẹ̀. Ibi gíga èjìká, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, ni kí a wọ̀n dé. Ọ̀pá tí ó dúró ṣánṣán ni kí a lò, nítorí okùn tí ó bá tẹ̀ mọ́ ara ẹran yóò fi kún gíga rẹ̀.

Ìdánwò: (1) Yáàdì mélòó ni 15.1? (2) Ọwọ́ mélòó ni yáàdì 1 àti íǹṣì 31?

Ìdáhùn: (1) Yáàdì 1 àti íǹṣì 25. (2) 16.3.

Léfítíkù 19:35 kò dá òṣùwọ̀n ọkà nìkan lẹ́bi bí ó bá jẹ́ ti èké. Ó ka wíwọn gígùn pẹ̀lú mọ́ ọn. Olóòótọ́ a máa wọ̀n kí ó tó sọ iye.